Wọ́n gé ọmú mi kan, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ṣe òmíràn rọ́pò rẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń gbé e?

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ (ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí. Lónìí ọ̀rọ̀ ti kún mi dé ọ̀fun.

Ẹni ọdún 43 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà. Ọdún tó kọjá ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọmú mi òsì. Mo gba kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, wọ́n wá gé ọmú náà kúrò pátápátá, wọ́n yọ àwọn kókó abíyá (lymph nodes) mọ́ ọn. Oṣù keje rèé. Mo dúpẹ́, èsì tí wọ́n gbà kẹ́yìn dára, oògùn Tamoxifen tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ tètè padà ni mò ń lò báyìí.

Dókítà bi mí bóyá màá fẹ́ kí wọ́n ṣe ọmú mìíràn sí i lọ́jọ́ iwájú. Mo ní rárá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò fẹ́ kí abẹ tún kan ara mi. Títí di òní mi ò kábàámọ̀ ìpinnu yẹn. Àwọn èèyàn ló ń dá mi lágara.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní kí n máa ki nǹkan bọ̀ ọ́ kí n má baà dójú ti ìdílé. Télọ̀ tó ti ń ránṣọ fún mi láti ọdún 11 ń wọn àyà mi, ó dákẹ́, ó wá figbe ta: "Ha! Màmá, kí ló gbé e lọ?" Oníbàárà mẹ́rin ló jókòó síbẹ̀. Mo fi aṣọ sílẹ̀, mo jáde. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wa, wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi pé ọfà ni wọ́n ta mọ́ mi, kí èèyàn ṣọ́ra fún abọ́ tí mo bá jẹun.

Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Ṣùgbọ́n mo máa ń pa iná kí n tó bọ́ṣọ, kò tíì rí àpá náà rí. Kí n má parọ́, èmi gan-an ò tíì wò ó nínú dígí. Bí mo bá ń wẹ̀, ògiri ni mò ń kọjú sí.

Ìgbéyàwó àbúrò mi ku oṣù méjì, léèsì ni aṣọ ẹbí. Ṣé kí n ra ọmú àtọwọ́dá ni àbí kí n lọ bí mo ṣe wà? Báwo lẹ ṣe fi han ọkọ yín? Níbo lèèyàn ti ń rí àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí?

Àjíkẹ́ Ẹlẹ́lùbọ́ (ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́)

Àbúrò mi, ẹ kú ewu, ẹ kú àjàbọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ ìtìjú ìdílé yẹn. Ta ló jalè? Ta ló pààyàn? Ọyàn tí wọ́n gé kí ìyá ọlọ́mọ má baà kú, ìtìjú wo ló wà níbẹ̀?

Ọdún kẹsàn-án mi rèé pẹ̀lú ọyàn ọ̀tún nìkan. Bódìjà ni mo ti ń tajà, ẹ sì mọ bí ojú ṣe pọ̀ tó lọ́jà. Lọ́dún àkọ́kọ́, àkísà ni mò ń ká sínú kọ́mú. Níbi òkú kan ní Ọ̀yọ́, mo ń jó lọ́wọ́ nígbà tí àkísà yìí rìn gòkè títí ó fi yọ lọ́rùn bùbá. Mi ò dúró jẹun. Mo wọ mọ́tò, mo sunkún láti Fìdítì dé Mọ́níyà.

Nígbà tó yá ni mo rí i pé àkísà fúyẹ́, òun ló fi ń gòkè. Ọyàn níwọ̀n. Mo wá gé aṣọ òwú àtijọ́ tó ti rọ̀, mo rán an róbótó bí ọyàn kejì, mo kó òwú sí i, mo sì rán àpò kékeré tí mo rọ ọkà bàbà sí mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè wúwo. Mo rán aṣọ pelebe sínú kọ́mú kó di àpò, ibẹ̀ ni mò ń kì í bọ̀. Kì í yẹ̀. Mo máa ń pààrọ̀ bàbà náà lóṣooṣù kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́, mi ò sì ń jẹ́ kí omi kàn án. Méjì ni mo ní, ti ọjà àti ti òde.

Nílé, mi ò fi nǹkan kan sí i. Àwọn ọmọ ọmọ mi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi (ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá Ẹlẹ́lùbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un nítorí ẹni tí ojú abẹ rẹ̀ ṣì tutù tó bá ń ka èyí. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ má fi ohun tó wúwo sí i, òwú fífúyẹ́ nìkan. Ẹni tó bá gba ìtọ́jú onítànṣán gbọ́dọ̀ dúró kí awọ ara jinná tán, torí awọ yẹn máa ń tètè bó.

Ìyá Ìbejì, apá yín ló jẹ mí lógún jù. Wọ́n ti yọ kókó abíyá, nítorí náà apá òsì yẹn lè wú. Ó lè jẹ́ oṣù yìí, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí òrùka bá bẹ̀rẹ̀ sí í há yín, tàbí apá aṣọ kan fún ju èkejì lọ, ẹ tètè lọ sọ nílé ìwòsàn. Bí apá náà bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì dé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, ẹ má ṣe sùn mọ́ ọn. Ẹ tún ṣọ́ra kí apá náà má baà gbọgbẹ́: ọ̀bẹ ìdáná, ẹ̀gún, ìjóná.

Àwọn kan á ní kí ẹ má lo apá náà mọ́. Irọ́ ni. Apá tí a kò lò máa ń gan. Ẹ dúró síwájú ògiri, ẹ fi ìka rìn gòkè bí aláǹgbá, ẹ sàmì sí ibi tí ẹ dé, kí ẹ kọjá ibẹ̀ lọ́la. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kékeré kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ìdì ankárá tí ẹ̀ ń tà, ẹ má ṣàdédé gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní London (ọjọ́ Ajé, 11:05 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Peckham ni mo wà, ọdún kẹfà mi rèé, ọmú méjèèjì ni wọ́n gé. Níbí, NHS, ètò ìlera ìjọba, fún mi ní ọmú àtọwọ́dá tó rọ̀ bí fóòmù kí n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, nígbà tí egbò sì jinná wọ́n fún mi ní ti silicone lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó dára ni. Mo wọ̀ ọ́ fún ọdún méjì.

Ìgbà tí mo wá sílé fún Kérésì ni mo rí i pé ó ń pa mí lára. Ooru Iléṣà, òógùn, Tamoxifen tó ti ń mú ara gbóná tẹ́lẹ̀, ohun méjì tó wúwo lórí àpá mi. Mo bọ́ ọ ní ọjọ́ kejì ọdún, mo wọ kaftan kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi láyà. Mi ò tíì gbé e wọ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Nítorí náà mi ò fara mọ́ ohun tó dà bíi pé ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà ni èwo ni kí èèyàn kì bọ̀ ọ́. Ẹ lè má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin tó yàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbí, wọ́n ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Flat Friends, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àyà tó dà bíi tèmi lára ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ fi "aesthetic flat closure" sínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn ní ọdún 2020. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí dókítà tẹ́ àyà náà pẹrẹsẹ, kó dì í dáadáa, kó má fi awọ jọwọlọ sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́. Àwọn dókítà kan máa ń fi awọ sílẹ̀ bóyá èèyàn á yí ọkàn padà. Wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ abíyá mi, ó ń ha mí, ìgbà kejì ni wọ́n tó gé e kúrò.

Ẹni Olúwa Là (ọjọ́ Ajé, 2:30 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ tèmi, kí ẹ má bínú. Ayé ò ṣeé fi inú hàn. Èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọkọ mi, ìyá mi àti pásítọ̀ mi. Ọmú àtọwọ́dá ni mò ń wọ̀ tọ̀sán-tòru, ẹlòmíràn ò mọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ ra èyí tó dára, ẹ pa ẹnu yín mọ́, ọ̀rọ̀ á tán. Mo sì gbà pé àdúrà ì bá ti mú kókó yẹn yọ́. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi (ọjọ́ Ajé, 3:10 ọ̀sán)

Àǹtí, mo bọ̀wọ̀ fún yín, pípa ọ̀rọ̀ ara yín mọ́ sì jẹ́ ẹ̀tọ́ yín. Ṣùgbọ́n òwe yẹn ò bá èyí mu. Jẹjẹrẹ kì í ṣe orí fífọ́. Mo ti rí ẹni tó gbé kókó tó tó èkùrọ́ lọ sí orí òkè àdúrà, ìgbà tó fi máa padà wá, ó ti di egbò, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Ẹ máa gbàdúrà, kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má sùn pẹ̀lú rẹ̀ láyà o. Awọ ara nílò ìsinmi lóru.

Bàbá Tóbi (ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́)

Ọkùnrin ni mí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wọ́n gé ọmú ìyàwó mi ní ọdún 2019. Òun náà ń pa iná. Ó ń wọ bùbá sùn. Bí mo bá na ọwọ́ sí i, á yí kọjú sí ògiri. Mo rò pé kò fẹ́ràn mi mọ́, pé bóyá mo ṣẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń gba kímò. Òun náà rò pé ojú mi ti kúrò lára òun. Ọdún kan àti oṣù méjì la fi wà bẹ́ẹ̀, tí a ń kí ara wa "ẹ káàárọ̀" bí ayálégbé.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, ni mo bá dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ní kí n wò ó, á dà bíi pé mo fẹ́ wo ohun ìyanu. Ìyá Ìbejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí ọkọ yín ṣe dákẹ́ náà nìyẹn.

Apá rẹ̀ ló wú lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì ní kí ẹnì kan máa bá a fi ọwọ́ rọra ra á sókè láràárọ̀, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wá. Kò sí ẹlòmíràn nílé. Bó ṣe bọ́ bùbá nìyẹn. Mo rí àpá náà, ìlà kan gbọọrọ láti àárín àyà lọ sí abíyá. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní kò dùn ún, ibẹ̀ ti kú, kì í mọ̀ bí ọwọ́ bá kàn án. Mo fi ọwọ́ kàn án. Àwa méjèèjì sunkún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi iná sílẹ̀ nígbà tó ń múra.

Tí ẹ̀yin ò bá lè sọ ọ́, ẹ fún un ní iṣẹ́ kan ṣe níbẹ̀. Kó bá yín fi òrí pa àpá náà.

Sìdí Ìwó (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Bàbá Tóbi, Ọlọ́run á máa jẹ́ kí ẹ wà fún ara yín.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ọfà yẹn ló kàn mí. Nínú hijab mi kò sí ẹni tó lè mọ̀, síbẹ̀ wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní àsàlátù wa. Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi lọ. Nígbà tó yá, mo bẹ ìyá àdínì kí wọ́n fún mi láyè ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn wáàsí, nígbà tó jẹ́ obìnrin nìkan ló kù. Mo ní: "Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n gé ọmú mi. Òótọ́ ni. Jẹjẹrẹ ni. Kì í ràn. Kókó kékeré tí kò dùn mí ni mo kọ́kọ́ rí, oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbé e pamọ́." Mo jókòó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, obìnrin méjì wá bá mi nílé lóru, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní kí n fọwọ́ kan ọmú wọn. Ti ọ̀kan jẹ́ omi lásán. Èkejì ti ṣe iṣẹ́ abẹ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ó sì ń bẹ láàyè. Ẹni tó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ẹni Olúwa Là, mi ò bá yín jà. Àmọ́ ká ní ẹnì kan ti sọ tirẹ̀ létí mi, mi ò ní gbé kókó pamọ́ fún oṣù mẹ́jọ.

Ṣadé Houston (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Èmi ni mo ṣe òdìkejì. Ara ikùn mi ni wọ́n gé tí wọ́n fi ṣe ọmú fún mi. Níbí, láti ọdún 1998 òfin ti wà pé iléeṣẹ́ ìbánigbófò tó bá sanwó gígé ọmú gbọ́dọ̀ sanwó ṣíṣe òmíràn náà, títí kan ti àtọwọ́dá. Mi ò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wà níbẹ̀, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Àpá mìíràn tún wà níkùn mi láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, oṣù mẹ́ta ni mi ò fi lè nàró dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìtìjú yẹn tẹ̀ lé èmi náà dé ibi tí mo lọ. Ọmú tuntun kò gbà á lọ́wọ́ mi. Obìnrin kan tí a jọ ń gba kímò, tí kò ṣe òmíràn rárá, ló tẹ́tí sí mi.

Ìyá Aránṣọ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:00 alẹ́)

Mo bẹ̀bẹ̀ lórúkọ àwa aránṣọ. Ohun tí télọ̀ yẹn ṣe kò dára.

Ẹ má ṣe gáùn tó fún mọ́ra tó ní dáàtì láyà. Ọlọ́run bá wa ṣe é, aṣọ tiwa ti dáhùn ìbéèrè yìí kí ẹ tó bí i: bùbá kì í ní dáàtì. Kí bùbá léèsì náà fẹ̀ díẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ ga kó má ṣí nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ba láti kí àgbà, kí apá gùn kó bo apá tó lè wú. Ọmú òsì ni wọ́n gé, èjìká òsì náà ni kí ẹ gbé ìpèlé kọ́. Kó sọ̀ kalẹ̀ níwájú. Tó bá jẹ́ gáùn lẹ fẹ́ dandan, kí wọ́n wọn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ́tọ̀, kí wọ́n wọn ẹ̀gbẹ́ òsì lọ́tọ̀, láti èjìká dé ìbàdí. Télọ̀ tó bá fi ìwọ̀n ẹyọ kan gé méjèèjì, aṣọ á máa rún ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu: "Ọmú kan ni mo ní, yàrá ni kí ẹ ti wọ̀n mí." Oníbàárà mi mẹ́ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ gba ibòmíràn lọ.

Tèmi Nìkan (ọjọ́ Rú, 12:10 òru)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi. Ọdún 29 ni mí, mi ò tíì lọ́kọ. Ọmú ọ̀tún ni wọ́n gé. Ẹnì kan ń wá mi báyìí. Ìgbà wo ni kí n sọ fún un? Ṣé mo ṣì lè fún ọmọ lọ́mú?

Nọ́ọ̀sì Fúnmi (ọjọ́ Rú, 6:05 àárọ̀)

Àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ ni, ọmú kan lè bọ́ ọmọ yó. Bí ọmọ bá ṣe ń fà á ni omi ọmú ṣe ń pọ̀ sí i. Ohun tó ṣe pàtàkì ni oògùn: bí o bá ń lo Tamoxifen, o kò gbọdọ̀ lóyún lórí rẹ̀, o ò sì lè fọ́mọ lọ́mú nígbà tí o bá ń lò ó. Bá dókítà rẹ jókòó sọ ọ́, kí ẹ jọ ṣètò rẹ̀. Kí o sì máa lọ ṣe àyẹ̀wò ọmú tó kù náà lọ́dọọdún.

Àjíkẹ́ Ẹlẹ́lùbọ́ (ọjọ́ Rú, 7:30 àárọ̀)

Ọmọ mi, sọ fún un kó tó mọ ilé yín. Má dúró dìgbà tí ẹbí bá ti dá ọjọ́ ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní London (ọjọ́ Rú, 9:00 àárọ̀)

Màmá, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ara rẹ̀ ni. Kó kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́. Èmi sọ fún ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti tan án ká láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí oṣù tó parí.

Àjíkẹ́ Ẹlẹ́lùbọ́ (ọjọ́ Rú, 9:25 àárọ̀)

Ìwọ náà sọ òótọ́. Kó mọ̀ ọ́n díẹ̀ ná, kó tó sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ (ọjọ́ Rú, 10:30 alẹ́)

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo ń sunkún, mo tún ń kà á. Ẹ ṣeun. Ibo gan-an ni mo ti lè rí àwọn èèyàn bíi tiyín ní Ìbàdàn?

Sìdí Ìwó (ọjọ́bọ̀, 6:50 àárọ̀)

BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́, wà ní Ìbàdàn. Betty Anyanwu-Akeredolu, tó jẹ́ ìyàwó gómìnà Òǹdó nígbà kan, ló dá a sílẹ̀. Òun náà ti ní jẹjẹrẹ ọmú ní ọdún 1997, kò sì fi pamọ́. Ẹni tó bá wà ní Èkó, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ́ COPE wà níbẹ̀.

Kí n má tàn yín, ẹgbẹ́ kì í bá gbogbo èèyàn lára mu. Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, kì í ṣe ọ̀kan nínú méjì yẹn, ẹ̀rí nìkan ni wọ́n ń jẹ́, ẹni tó bá sunkún wọ́n á ní kò nígbàgbọ́. Mi ò padà. Bẹ́ǹṣì iwájú kílíníkì ni mo ti rí tèmi, lọ́dọ̀ àwọn tí a jọ ń dúró de káàdì.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ (ọjọ́ Àìkú, 8:20 alẹ́)

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ibi tí mo dé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé, mo kọjú sí dígí. Mo rò pé ohun tó ń bani lẹ́rù ni màá rí. Ìlà kan ni. Ó dúdú díẹ̀ ju awọ mi lọ, ó tẹ̀ níbi abíyá. Mo wò ó pẹ́. Mo sunkún, ṣùgbọ́n mi ò yà kúrò níbẹ̀.

Lálẹ́ mo gbé òrí fún ọkọ mi gẹ́gẹ́ bí Bàbá Tóbi ṣe wí. Mo ní ọwọ́ mi ò tó o, irọ́ ni, ó tó o. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní: "Mo ti ń dúró kí o pè mí." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè ní gbogbo nǹkan ti tán, àná mo tún pa iná. Kò bi mí léèrè.

Àwọn ìyá ìjọ ni mi ò tíì lè bá sọ̀rọ̀ bíi ti Sìdí. Bóyá tó bá yá. Fún ìgbéyàwó, bùbá ni màá rán, pẹ̀lú ìpèlé. Màá fi nǹkan sí i lọ́jọ́ náà nítorí pé mo fẹ́ jó láì ronú nípa ojú ẹnikẹ́ni, kì í ṣe nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ọjọ́ Ajé kejì, mi ò ní fi nǹkan kan sí i lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Màmá Ẹlẹ́lùbọ́, mo rán an, ó ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbà yẹn, báwo ló ṣe pọ̀ tó?

Àjíkẹ́ Ẹlẹ́lùbọ́ (ọjọ́ Àìkú, 8:45 alẹ́)

Bàbà náà ti pọ̀ jù ni, tàbí àpò rẹ̀ kò sí láàárín. Ọ̀nà tí èèyàn fi ń wọ̀n ọ́n kò ṣeé fi ẹnu sọ tán. Mo ní àpọ́ńmẹ́ǹtì ní UCH lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá ti wà lórí bẹ́ǹṣì láti aago méje. Gèlè aláwọ̀ osàn ni màá wé. Ẹ mú kọ́mú àtijọ́ kan tó bá yín mu dání, ẹ mú abẹ́rẹ́ àti òwú. Èmi á mú bàbà.